Ìlà Tí Sìmíátù Fò

Sìmíátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìdáná, ó ń ka lẹ́tà ìjọba fún bàbá rẹ̀. Bó ṣe ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Àmínù Adéògún, bàbá rẹ̀, kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú, nítorí láti ìgbà tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìjókòó ń dùn ún ju ìdúró lọ. Oṣù Kejì ọdún 1986 ni, yìnyín sì ti bo gbogbo Albany Park, àdúgbò tí wọ́n ń gbé lókè òkun.

"Wọ́n ní ẹ ṣì lè ṣiṣẹ́, Bàbá. Wọn kò ní fún yín ní owó ìrànlọ́wọ́ àwọn tí àìlera dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ kọ̀wé padà láàárín ọgọ́ta ọjọ́."

"Ta ló sọ fún wọn pé mo lè ṣiṣẹ́?"

Ìdáhùn wà ní ojú ìwé kejì. Dókítà tí ìjọba yàn kọ ọ́ pé aláìsàn náà fúnra rẹ̀ sọ pé ara òun le. Sìmíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ tí dókítà náà yẹ bàbá rẹ̀ wò. Dókítà béèrè pé báwo ni ara, bàbá rẹ̀ sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn: "Ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." A kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ ara wa. Sìmíátù mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò ta ko bàbá rẹ̀ níwájú àlejò? Ó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì panu mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ní òun ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Wọn kò dárúkọ ẹnì kankan," ó wí, ó sì fo ìlà náà.

Láti ọjọ́ náà ni Àmínù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó tà á fún ìjọba. Ó ń lọ síbi fèrèsé lemọ́lemọ́. Ó ní ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, ó sì ń bi Sìmíátù bóyá òun náà rí i lánàá. Ó ní kí Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ má gbé tẹlifóònù mọ́ bó bá ti dún. Nígbà tó ṣe, ó rí ẹni tó ń wá: Mùstàfá, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, tó máa ń wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mùstàfá rí i bó ṣe nawọ́ gbé Kùránì lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kan, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń múra àtipadà síbi iṣẹ́. Àwàdà náà wá di ẹ̀rí lọ́kàn Àmínù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹnu ọ̀nà ló ti dá Mùstàfá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan," Mùstàfá wí, ó na bébà kan sí i. "Ìgbà tí à ń wá lọ́yà nìyí. Nọ́ńbà Lọ́yà Bádéjọ nìyí, ọmọ wa ni. Kò ní gba kọ́bọ̀ àfi bí ẹ bá jàre."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n kọ̀ mí?"

"Ìyàwó yín ló sọ fún mi."

"Ẹni tó ní òun kò gba nǹkan, ohun tó ń wò lọ́wọ́ ẹni tóbi. Ìwọ lo tà mí. O tún ti rí ẹni tí ẹ jọ máa tà mí. Má tẹ ilé mi mọ́."

"Èmi, ẹ̀gbọ́n?" ni Mùstàfá wí. Ó fi bébà náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lọ.

Sìmíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Ó mú bébà náà, ó fi í sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òun yóò sọ òtítọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ọgọ́ta ọjọ́ pé nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, tó sì ka ìlà tó fò.

Àmínù tẹjú mọ́ lẹ́tà náà.

"Ẹnu ara mi ni?"

"Ẹnu yín àti tèmi, Bàbá."

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì Lọ́yà Bádéjọ láàárín ìlú. Ìfura Àmínù kò tíì tán. Ó mú kí Sìmíátù ka gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó buwọ́ lù ú, ó sì ń wo ojú lọ́yà obìnrin náà bí ọmọ ti ń kà. Lọ́yà kò bínú. Ó ní kí wọ́n máa fura bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má kàwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni kí wọ́n sá fún. Ó ní bí àwọn bá jàre, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí iye tó tọ́ sí òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé báwo ni ara.

"Ara le, a dúpẹ́."

Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, láàárín àwa, ìkíni nìyẹn. Níwájú dókítà ìjọba, ẹ̀rí ni."

Àmínù yí ojú sí ògiri. "Sìmíátù, sọ fún wọn."

Sìmíátù sọ ọ́. Bàbá òun kì í sun ju wákàtí méjì lọ. Orí àga ló ti ń kírun. Ní àárọ̀ mìíràn, òun àti ìyá òun ni wọ́n ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Àmínù kò yíjú padà títí ó fi parí rẹ̀.

Ìwé náà dé ọ́fíìsì ìjọba nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n tún kọ̀ ọ́. Lọ́yà ní kí wọ́n má mikàn, ó gbé e dé iwájú adájọ́, ó kó ìwé ilé ìwòsàn lọ́wọ́, Sìmíátù sì sọ ohun tó ń fi ojú rẹ̀ rí nílé. Ó ju ọdún kan lọ kí ìdáhùn tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n jàre.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jàre náà gan-an ni bàbá àti ọmọ lọ bẹ Mùstàfá. Sìmíátù kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣe. Mùstàfá ní òun ti gbàgbé rẹ̀, ó sì se tíì fún wọn. Ṣùgbọ́n kò wá sílé wọn mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé fún òbí yín, ẹ kà á tán, pàápàá ibi tó bá kàn yín. Bí wọ́n bá kọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ẹni tó mọ òfin kí ọjọ́ tó pé. Kò burú kí ènìyàn fura, ṣùgbọ́n ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó fura sí ọ̀rẹ́.