Igbó Ẹ̀yìnkùlé Dhanuli

Ìdọ̀bálẹ̀ ni Keshar wà nígbà tí Dhanuli kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń kí. Igi igbó tó wà lẹ́yìnkùlé ọmọbìnrin náà, irú èyí tí wọ́n ń fà bíi sìgá níbòmíràn ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbìn fún kóró jíjẹ lórí òkè yìí, ló dọ̀bálẹ̀ fún, tó ń fi awò kan tó ń sọ eèrà di erin yẹ òdòdó rẹ̀ wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló sọ nù?"

Keshar dìde, ó kọ́kọ́ tún irun ètè rẹ̀ ṣe. "Èmi ni Keshar, ará ilé ìsàlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà ni. Tí irun funfun ara òdòdó yìí bá ti pọ́n, ó ti gbó nìyẹn. Mo kà á nínú ìwé."

"Ìyá mi ò kàwé. Ó máa ń fọwọ́ ra á ni. Tí kóró bá jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tó dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ó gbó."

Ilé méje ló wà lórí òkè náà. Kí Keshar tó dé, mẹ́fà ló wà ní títì. Láti ìgbà tí ìyá Dhanuli ti kú, ewúrẹ́ nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ kì í sì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni ju ewé lọ. Tíì ìrọ̀lẹ́ wá di ti ẹni méjì.

Nígbà tó yá, Trilok, ẹ̀gbọ́n Dhanuli, gòkè wá láti ìlú.

"Ọ̀gá sójà, ṣé igbó yìí ti gbó?"

Ta ní í bi ọ̀mọ̀wé ní ìbéèrè tí kò ní dáhùn? Keshar yọ awò. "Ó gbó kẹ́kẹ́! Ẹ gé e lọ́la."

"Ó dáa. Lọ́túnla, èmi àti àbúrò mi á ti ilẹ̀kùn, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú. Irè oko ló ń dá wa dúró. Òòṣà ilé ò gbà kí èèyàn ti ilé nígbà tí irè ṣì wà ní ìdúró."

Dhanuli wo Keshar lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí tíì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Keshar lọ dúró síwájú dòjé Trilok. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í. Kò tí ì gbó."

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé?"

"Ojú ìwé kan péré ni mo kà."

Àwọn ológoṣẹ́ ń ṣa kóró jẹ lórí igi. Dhanuli ra òdòdó kan. Kóró kún ọwọ́ rẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé.

"Òótọ́ ló sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tí ì gbó."

Trilok wo ẹyẹ, ó wo àbúrò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá sọ̀ kalẹ̀.

Dhanuli tú kóró náà sọ́wọ́ Keshar. "Ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé tiyín. Tí tèmi bá gbó, kí tiyín ṣì wà ní ìdúró, kó lè dá àwa méjèèjì dúró."