Ìwọ̀n Àtẹ́lẹwọ́ Kan Lára Ọkọ̀ Klementina

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń pàṣẹ ní èbúté yìí, ọkọ̀ Klementina kò ní wọ àwọ̀ mìíràn ju funfun lọ. Kò sí ọmọbìnrin yín kan tí yóò bá a jáde láìsí funfun náà lára rẹ̀."

Ọ̀gágun Ojú Omi ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní Bọ́mla, ìlú èbúté kan ní Málítà, lẹ́yìn Míísà ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1915. Kò ka ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ògbufọ̀ tún un sọ ní èdè Málítà, àwọn ìyá tó dúró nínú oòrùn sì mí kanlẹ̀.

Ọmọbìnrin ni ó ń wá. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ń dé lójoojúmọ́, ọwọ́ tí yóò fọ aṣọ ibùsùn wọn, tí yóò sì fún wọn lóúnjẹ lójú ọ̀nà, kò tó. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ọba ayé ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan: ọkọ̀ ìwòsàn tí a kùn ní funfun, tí a fi àwọ̀ ewé dì lámùrè, tí a ya àgbélébùú pupa sí lára, tí kò sì gbé ìbọn kankan, ọ̀tá kò gbọdọ̀ yìnbọn sí i.

Ohùn ọmọbìnrin kan dáhùn láàárín èrò. "Ó dáa o. Ta ló máa kùn ún? Torí ilẹ̀kùn ilé wa tí wọ́n kùn lọ́dún tó kọjá, ó ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Indri Zerafa, tó ń kun ọkọ̀ nínú ọgbà ọkọ̀ èbúté náà, na ọwọ́ sókè kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Èmi wà lára àwọn tó máa kùn ún."

Ọmọbìnrin náà yí padà. Ìborùn dúdú tó dà bo orí rẹ̀ ṣíji bo ìdajì ojú rẹ̀. Ìdajì tó kù ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kun ilẹ̀kùn wa?"

"Èmi kọ́."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kùn ún dáadáa o, torí inú rẹ̀ ni mo máa wà."

Bí Indri ṣe mọ Liberata Bondin nìyẹn.

Nikol, bàbá Liberata, ń fi ọkọ̀ kékeré tu èèyàn kọjá èbúté. Òun náà gba ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun gbọ́, ó sì ní ìdí. Ṣáájú ogun, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mesina ní Ítálì, Klementina yìí kan náà ló kó àwọn tí ilé wó lù wá sí Málítà. Nikol wà lára àwọn tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó ti gbé àánú nígbà àlàáfíà kò lè gbé ibi nígbà ogun.

Ìgbàkígbà tí Klementina bá dé láti ojú ogun, omi iyọ̀ á ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀, Indri á sì tún un kùn. Yóò jókòó lórí pákó tí wọ́n fi okùn so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ibi tí wọ́n bá rán an sí kò ṣe pàtàkì; pákó rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé abẹ́ fèrèsé roboto yàrá ìfọṣọ.

"Ọ̀gá Ọlọ́dà, o tún ti dé? Ibí yìí lo kùn lánàá."

"Kò tíì gbẹ dáadáa."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ọ̀dà yìí lágídí, ó jọ ẹnìkan tí mo mọ̀."

Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì so ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ mọ́ okùn, yóò sọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé, ó sì sọ fún un nípa sójà kan tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti já. Ó ní ọmọkùnrin náà máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òun kí òun tó fi ṣíbí sí i lẹ́nu.

"Ó ń tọrọ gáfárà, Indri. Lọ́wọ́ mi."

Indri na ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà sókè, Liberata sì na tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ìka wọn kò kan ara wọn. Fún oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Klementina wà lójú òkun, àlàfo kékeré tó wà láàárín ìka méjèèjì yẹn ni Indri ń gbé kiri. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e bọ̀ wálé.

Ní Bọ́mla, bàbá tó bá ní ọmọbìnrin tó tó ilé ọkọ máa ń gbé ìkòkò efinrin sí ojú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ náà á rán alárinà wá. Ọjọ́ tí bàbá bá gbé ìkòkò náà wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó tún lè bèèrè. Efinrin ilé Nikol ti wà lójú fèrèsé tipẹ́. Nígbà tí ọdún 1917 bẹ̀rẹ̀, Indri rán Ìyá Rozi, tó ti so tọkọtaya púpọ̀ pọ̀ ní Bọ́mla.

"Ọlọ́dà?" Nikol fi ẹ̀rín ẹ̀gàn dáhùn. "Ẹni tó máa ń so rọ̀ lára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Ìyá Rozi dá a lóhùn. "Ṣebí orí omi lẹ̀yin jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun tiẹ̀ ní okùn tó dì í mú."

Mikelina, ìyàwó Nikol, fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. "Nikol, ọmọ yín fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ fẹ́ gúnlẹ̀, irun ló kọ́kọ́ máa ń dì kó tó kẹ́rù."

Nikol yíjú sí efinrin náà. "Ó dáa. Ìrìn àjò kan ṣì wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń lọ kó àwọn aláìsàn lójú ogun ní Sàlóníkà. Tó bá dé nígbà Àjíǹde, èmi fúnra mi ni màá gbé ìkòkò yẹn wọlé."

Inú Indri dùn débi pé ó ń kọrin lórí pákó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń jù ú ní àkísà.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé.

Ọ̀tá ti kéde pé àwọn yóò máa yìnbọn sí ọkọ̀ ìwòsàn, funfun ni o, àgbélébùú ni o. Àdéhùn gbogbo ọba ayé ti di ọ̀dà lásán. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n kun Klementina ní àwọ̀ eérú bí ọkọ̀ ogun, kí ojú má baà tètè rí i, kí wọ́n sì gbé ìbọn sí i nídìí. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, Indri kò sì sọ pé kò sí. Ẹni tí funfun kò dáàbò bò mọ́ lè bọ́ funfun sílẹ̀.

Ohun tí kò ní ọgbọ́n kankan nínú, àfi ọgbọ́n ẹni tí ń tijú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ni ìyókù àṣẹ náà. Wọn kò gbọdọ̀ sọ fún àwọn ọmọbìnrin náà. Wọn kò gbọdọ̀ sọ fún òbí wọn. Èbúté gúúsù, níbi tí ará Bọ́mla kankan kì í dé, ni wọn yóò ti kun ọkọ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni yóò sì kó àwọn ọmọbìnrin lọ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọlọ́dà tó bá la ẹnu yóò ṣẹ̀wọ̀n, nítorí òfin ogun ni.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ náà, Indri lọ bá Nikol nídìí ọkọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ. Wọ́n ti ń kun Klementina ní àwọ̀ eérú. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń kùn ún."

Nikol ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Kò gbójú sókè. "Mo ti mọ̀ pé wàá wá. O fẹ́ kí n gbé efinrin wọlé kí ọjọ́ tó pé."

"Ọ̀rọ̀ efinrin kọ́ nìyí! Ẹ wo èékánná mi."

"Gbogbo ọkọ̀ ogun tó wà ní èbúté yìí ló jẹ́ àwọ̀ eérú, àwọn lo sì ń kùn. Kí ni èékánná rẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Bàbá, mo lè ṣẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí mo ń sọ yìí."

"Ọ̀gágun bọ́ fìlà rẹ̀ níwájú mi, ọmọ yìí. Níwájú mi, èmi Nikol atukọ̀. Ìwọ tó wá bá mi lónìí, ìwọ ò tiẹ̀ bọ́ tìẹ."

Indri fọwọ́ kan orí rẹ̀. Òótọ́ ni, fìlà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó fi bọ́ ọ, Nikol ti tu ọkọ̀ lọ.

Indri bá Liberata lórí òrùlé ilé wọn, níbi tó ti ń ká aṣọ gbígbẹ. Ó sọ fún un. Liberata ká aṣọ kan tán kó tó fèsì.

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Má lọ nígbà náà. Sọ pé ara rẹ ò yá."

"Wọ́n á rán dókítà wá wò mí."

"Sọ pé o ò lọ mọ́!"

"Wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Tí mo bá ní torí àwọ̀ ọkọ̀ ni, wọ́n á ní ta ló sọ fún mi. Ta ni kí n dárúkọ, Indri?"

"Dárúkọ mi."

"Mi ò ní dárúkọ rẹ."

"Liberata, mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀wọ̀n á parí lọ́jọ́ kan."

Liberata sún mọ́ ọn, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fi àtàǹpàkò ha àwọ̀ eérú tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Àwọn tó dùbúlẹ̀ sí Sàlóníkà kò mọ ohun tí wọ́n kun ọkọ̀. Tí ọwọ́ kò bá tó, ta ni yóò fún wọn lóúnjẹ? Mi ò ní lọ tayọ̀tayọ̀ o, olówó orí mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ màá lọ, màá sì dé nígbà Àjíǹde, torí mo fẹ́ wo bí bàbá mi ṣe máa gbé ìkòkò yẹn pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀."

Indri ń sunkún. "Èmi ni mo kun ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́sí."

"Mo ti mọ̀. Kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ti sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí ojú tirẹ̀ náà. "Ṣe nǹkan kan fún mi. Fi ibì kan sílẹ̀ ní funfun. Kékeré. Lábẹ́ fèrèsé mi, kí n lè mọ̀ pé ọkọ̀ mi ṣì ni."

Indri fi í sílẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kun àwọ̀ eérú yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ tí Klementina jáde, Indri wà lórí igi ìléfòó tí àwọn ọlọ́dà ń lò, wọ́n ń fà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Fèrèsé roboto ṣí. Apá kan yọ jáde, ó wá ara irin kiri, ó rí ibi funfun náà, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ọwọ́ náà bò ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe lọ, eérú lórí omi eérú, ó sì pẹ́ kí Indri tó gbà pé òun kò rí ọwọ́ náà mọ́.

Ó ń retí rẹ̀. Ó ń jí, ó ń wo ẹnu èbúté. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti òróró, ó ń wo ẹnu èbúté. Mikelina ti po ìyẹ̀fun àkàrà dídùn Àjíǹde, ó sì gé e ní àwòrán èèyàn méjì tó di ara wọn mú.

Nínú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an, àwọn apẹja kó àwọn tó yè bọ́ wọ èbúté. Ọkọ̀ abẹ́ omi ti yìnbọn lu Klementina. Ċetta, ọ̀rẹ́ Liberata tí wọ́n jọ ń fọṣọ, wà lára wọn pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì léjìká. Òun ló sọ fún wọn. Omi ti ń wọlé nígbà tí Liberata ti òun àti àwọn aláìsàn méjì tí kò lè rìn jáde sí òkè ọkọ̀. Liberata ní òun ń bọ̀, pé aláìsàn kan ṣì kù. Ó padà wọlé, kò sì jáde mọ́.

Ọ̀gágun rán ìkíni ìbánikẹ́dùn. Kò wá fúnra rẹ̀.

Àwọn ará ilé Nikol ti ilẹ̀kùn wọn fún ìgbà díẹ̀ láti ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Nikol jáde, ó gbé ìkòkò efinrin kúrò lójú fèrèsé, ó sì gbé e la gbogbo òpópónà kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Indri. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tún gbé e.

"Mo ní èmi fúnra mi ni màá gbé e wọlé. Tèmi kì í ṣe ilé mọ́. Jẹ́ kí n gbé e wọ tìẹ."

Indri yà fún un. Nikol gbé e sójú fèrèsé, sí apá inú. Òórùn efinrin gba gbogbo yàrá.

"O sọ fún mi," Nikol ní.

"Mo sọ fún yín, Bàbá."

Bàbá náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Indri tún ilẹ̀kùn ilé Nikol kùn ní funfun. Ọ̀dà rẹ̀ kò ṣí bí èèpo mọ́. Ó ń bomi rin efinrin náà láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń fọwọ́ pa ewé rẹ̀, ó sì ń gbé òórùn rẹ̀ lọ sórí pákó, níbi tí fèrèsé kankan kò ti ṣí fún un mọ́.

Ọ̀gágun ṣì ń pàṣẹ ní èbúté náà. Wọ́n kun ọkọ̀ Klementina ní àwọ̀ eérú. Liberata Bondin bá a jáde.