Ohùn Gbóyèga

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òkú bá alààyè sọ̀rọ̀ ní Òkè-Aládé, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta lẹ́yìn tí òkun ti gba etídò. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló ní asọ̀rọ̀lógiri, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rì mọ́ ara ògiri, tó máa ń ròyìn, tó sì máa ń ṣe ohun tí onílé bá pa láṣẹ. Bí oòrùn ti ń wọ̀, gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí pa lọ́lọ́. Nígbà tí wọn yóò tún fọhùn, ohùn ẹni tí ilé kọ̀ọ̀kan ti pàdánù ló jáde: “Ilé o! Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo ti dé.”

Àwọn kan fi ọṣẹ sára sá jáde ní balùwẹ̀. Opó kan dá ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó dákú. Ẹ̀yìn náà ni ohùn obìnrin kan, tó dùn bí oyin, wá sọ pé: “Ẹ̀bùn láti ilé iṣẹ́ Ohùn-Kìíkú nìyẹn. Ẹni yín lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ.”

Fadérera ló ni ohùn aládùn yẹn. Òun àti Bánjọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bánjọ ló ṣe ajíhùn, ẹ̀rọ tó lè ti ara ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ sílẹ̀ kó tó kú mọ gbogbo ohùn rẹ̀ padà. Iṣẹ́ náà gún régé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn, wọn kò rà á. Fadérera ló dá a lábàá pé kí wọ́n já wọ inú àká tí àwọn asọ̀rọ̀lógiri ń kó ohùn onílé pamọ́ sí.

“Ṣé a ò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú ni?” Bánjọ bi í.

“Bí a bá ní ká dúró de àwọn àgbà yẹn, a ó hewú síbẹ̀. Jẹ́ kí ìlú kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.”

Ìlú sì gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó fẹ́ ra ajíhùn ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ tán ni Olóyè Ṣówándé, arúgbó tó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Ìlú, ránṣẹ́ pè wọ́n.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ilé onílé?”

“Baba, a ò wọ ilé ẹnì kankan,” Fadérera fèsì. “Ìpolówó ni. Ohùn lásán ni, a ò jí nǹkan kan gbé.”

“Ohùn lásán?” Baba tẹjú mọ́ ọn. “Ọmọ mi, ohùn la fi ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ká tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ẹni tó kú bá tún ń rìn kiri, àkúdàáyà làwọn baba wa ń pè é, wọn kì í sì í fi í ṣeré. Ẹ wá fọwọ́ ara yín ṣe àkúdàáyà fún odidi ìlú, torí kí ọjà yín lè tà!”

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Fadérera náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rín in díẹ̀.

Òfin tó wà nílẹ̀ kò mọ ohùn òkú. Wíwọlé onílé láìgbàṣẹ nìkan ló mọ̀. Ìgbìmọ̀ ti ilé iṣẹ́ náà pa fúngbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lórí gbogbo asọ̀rọ̀lógiri. Ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún tún wá di ìpolówó kejì. Inú Fadérera dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Baba ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí eegun ẹja tó há sí ọ̀fun.

Lọ́jọ́ tó tọrọ àforíjì náà tán, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró dè é níta. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Fadérera rò pé oníbàárà ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wo ìyá mi,” ni Àṣàkẹ́ wí.

Ó ròyìn fún un bí wọ́n ti ń lọ. Gbóyèga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wa irin lórí òṣùpá, ihò sì wó lé e lórí. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Ìyá wọn sunkún títí, kò gbà pé ọmọ òun kú. Kò tíì pẹ́ tó gbà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nídìí iná ọbẹ̀.

“Nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn, ó ṣílẹ̀kùn. Kò rí i. Ó ní á jẹ́ pé èbúté ọkọ̀ òfuurufú ló wà. Ibẹ̀ ló jókòó sí láti ọjọ́ náà. Kò jẹun, kò sì gbà kí n mú òun wálé.”

Wọ́n bá ìyá náà lórí àga gbọọrọ tí àwọn èrò ń jókòó sí. Ẹ̀wù ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní wà lórí itan rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, á dìde, á máa wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni.

“Ṣé ìwọ ló máa fi ohùn ọmọ mi hàn mí?” ìyá náà dá a lóhùn, ó sì yíjú kúrò.

Àṣàkẹ́ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Kò ní gbọ́ tẹnikẹ́ni àfi ti Gbóyèga. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín fi ohùn rẹ̀ sọ fún un pé òun ti kú.”

Fadérera yọ ajíhùn nínú àpò. “Ṣé ẹ fún mi láṣẹ?”

Àṣàkẹ́ wò ó. “Ìsinsìnyí lẹ wá ń bèèrè?”

Fadérera kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ajíhùn. Ohùn Gbóyèga jáde, ó tutù, ó sì mọ́ kedere: “Ìyá mi, èmi Gbóyèga ni. Mo ti kú. Ẹ má dúró dè mí mọ́. Ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ jẹun.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Bí o bá ti kú, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀? Níbo lo sá pamọ́ sí?”

Bánjọ ti kọ́ ajíhùn láti máa fèsì, ó sì ti ń ké “Ìyá mi” lẹ́ẹ̀kan sí i kí Fadérera tó pa á. Fadérera kúnlẹ̀.

“Èmi ni, mà. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Tìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, èmi ni. Mo mú ohùn ọmọ yín láìtọrọ, kí ìlú lè mọ orúkọ ilé iṣẹ́ mi.”

“Gbóyèga ńkọ́?”

“Ó ti kú, mà. Láti ọjọ́ tí ihò yẹn ti wó.”

Ẹ̀rín kú lójú ìyá náà díẹ̀díẹ̀. Ó di ẹ̀wù náà mú ṣinṣin, ó sì figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò inú èbúté fi dúró.

“Mo ti sunkún ọmọ yìí tán! Mo ti sunkún rẹ̀ tán o! Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un pa?”

Àṣàkẹ́ gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún. Fadérera wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé kó dìde.