Kò Sóhun Tó Ṣe Ajórin

"Gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò níwájú wa. Ilé ìwòsàn kọ́ nìyí."

Ohùn Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń dún báyìí níwájú ilé epo, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ojúgun rẹ̀ le bí okùn tí wọ́n lọ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, òun sì ni alága títí dòní, nítorí kò tíì sí ẹni tó láyà láti bá a du ipò náà.

Ẹni tó ń bá wí kò tilẹ̀ dìde. Ó nà gbalaja sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára àga gbọọrọ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ṣíwájú, ó gbé wọn lé pẹ́dà bí ẹni tó ń gbafẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ga ju orúnkún àwọn tó yí i ká lọ. Akoto pupa ló wà lórí rẹ̀, àpá iná wẹ́wẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí géètì àti fèrèsé onírin ló ń ṣe. Ajórin ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ẹ̀yin lẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ máa bọ̀," ó ní. "Mo ti dé."

"Oníkẹ̀kẹ́ la pè. A ò pe aláìsàn."

"Kò sóhun tó ṣe mí, ma."

"Kí ló wá dé tó o dùbúlẹ̀?"

"Kí n lè rí ojú ọ̀run ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dorí kodò, kí lẹ ń rí láti àárọ̀ títí dọ̀sán, bí kò ṣe ìdí ẹni tó wà níwájú yín?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú láti mọ aláìmoore náà, ó bá rí Tíṣà, ọmọkùnrin bíbí inú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tíṣà gbìyànjú láti sọ ẹ̀rín náà di ikọ́. Ikọ́ kọ̀. Ó tún wo ọmọge tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ gíga máa ń sọ nípa kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn. Wọ́n ní ti arúgbó ni. Wọ́n ní ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni, àbí ti onírùngbọ̀n tó máa ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó kéré jù, pé ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní rí ibi sá sí fún atẹ́gùn. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó gùn ún rí.

Wọ́n fi Ajórin sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà odò tẹ́jú lọ salalu, atẹ́gùn sì ń kọjú sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ogún èèyàn dorí kodò, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ajórin gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, atẹ́gùn ń wá a, kò rí i mú. Ohun tó sì dùn wọ́n jù ni pé ó ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o, bí ẹni tó rí àwọn tó ń roko lẹ́bàá ọ̀nà.

Òkè ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn tì kò lè nàró lórí pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ onírin náà sì wúwo. Gbogbo ogún ló yà á sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kí i.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, bí òkè bá mú ẹnì kan, aṣáájú á pa dà sẹ́yìn, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níbàdí, á máa tì í jẹ́jẹ́ títí wọn yóò fi gun òkè tán. Ó ti mọ́ Tíṣà lára. Ló bá pa dà, ló bá na ọwọ́. Ìbàdí tó ń wá wà nínú àga. Ó tẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orí àga náà láti ẹ̀gbẹ́, kẹ̀kẹ́ yà bàrá, òun náà sì gba ibẹ̀ tẹ̀ lé e. Inú koríko ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn, táyà ṣì ń yí lófìfo.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́?" Ajórin bi í.

Tíṣà ní òun rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ajórin ní ṣé òun pè é. Ó ní rárá. Ajórin ní ẹni tó ń rọra lọ, ó lè jẹ́ pé kò kánjú ni. Koríko ti kún akoto rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Tíṣà wò ó, ẹ̀rín àárọ̀ yẹn tún pa dà wá, lọ́tẹ̀ yìí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rín in. Táyà iwájú Tíṣà ti wọ́. Ajórin ní kó gbé e wá sí ilé iṣẹ́ òun lọ́jọ́ Ajé.

Ó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Ó wá lọ́jọ́rú nítorí bíréèkì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kò rí ohun tó bàjẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó wá. Ajórin ń jó ewéko onírin mọ́ ara géètì kan lọ́wọ́, ó gbé ìbòjú dúdú rẹ̀ sókè, ó ní kí ló bàjẹ́ lónìí.

"Èmi ni," Tíṣà dáhùn.

"Gbé e sórí tábìlì, ká wò ó."

Ìgbà náà ni Ajórin ròyìn fún un. Ajẹkù páìpù géètì ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ó rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, ó wù ú, ó sì ṣe é. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń bi í pé kí ló ṣe é. Obìnrin kan tilẹ̀ dá a dúró lójú títì, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà ìwòsàn fún un títí iná tó ń darí ọkọ̀ fi pọ́n, tó di àwọ̀ ewé, tó tún pọ́n. Ajórin ní àmín, torí àdúrà kì í pọ̀ jù.

Ó jẹ́ kí Tíṣà gùn ún wò. Tíṣà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin, ó dé òpin àdúgbò, ó sì pa dà wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ríran.

"Mo rí igi," ó ní. "Ó ti pé ọdún méjìlá tí mo ti ń gba ibí yìí, mi ò mọ̀ pé igi wà níbẹ̀."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, Tíṣà ní kí Ajórin fẹ́ òun. Ajórin kò díbọ́n pé òun kò retí rẹ̀. Ó ní ìdáhùn wà lẹ́nu òun, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò ní jáde títí ìyá Tíṣà yóò fi rí òun. Ìyá Ẹgbẹ́ ti ń sọ káàkiri pé obìnrin tó ń dùbúlẹ̀ lójú títì kò ní wọ pálọ̀ òun.

"Kó rí mi bí mo ṣe wà," Ajórin ní. "Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, olówó orí mi. Kò pọ̀."

Tíṣà kì í bẹ̀rù ogójì ọmọ nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n bó bá kan ìyá rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a máa ká. Ó bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì. Ó la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni pé géètì ló wó lu Ajórin nígbà kan, pé ẹ̀yìn ń dùn ún, pé kò lè gun kẹ̀kẹ́ gíga mọ́.

Ojú Ìyá Ẹgbẹ́ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní kí ló dé tí kò tètè sọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Ajórin mọ́ àwọn tó máa lọ ìrìn àjò ọdọọdún ẹgbẹ́, ó wá ìpara ara ríro àti tìmùtìmù sílẹ̀ dè é, ó ránṣẹ́ pé kó wá kí òun nílé.

Ajórin wá, inú rẹ̀ dùn. Ìyá Ẹgbẹ́ dì í mú nígùnpá láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni gbé ẹyin. Ó gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó kó tìmùtìmù àti ìpara lé e lọ́wọ́. Ṣíbí já bọ́, Ajórin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ìyá ní kó jọ̀wọ́, kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe, géètì yẹn ti ṣe tó. Ajórin wo Tíṣà. Tíṣà wo àjà. Ajórin mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ dáadáa, torí wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ìta ló ti sọ̀rọ̀.

"O sọ mí di aláìsàn kí n lè di ìyàwó."

"Mo rò pé tí wọ́n bá..."

"O tún fẹ́ tì mí níbàdí. Ta ló bẹ̀ ẹ́?" Ó gbé tìmùtìmù àti ìpara lé e lọ́wọ́. "Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ ni ìyá ẹ ń ṣàánú. Lọ fẹ́ obìnrin yẹn."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Tíṣà ń wá, Ajórin kò pa iná. Ìró irin ló fi ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn kíláàsì kígbe pé òun máa sọ òótọ́. Iná kú.

"Níwájú ta?"

"Níwájú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ ìrìn àjò."

"Màá wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ la ẹnu. Ìwọ lo pa irọ́ ẹ, ìwọ ni kó o sin ín."

Ọgọ́ta èèyàn ló pé síwájú ilé epo lọ́jọ́ náà. Ìyá Ẹgbẹ́ di ìwé mú, ó ń pe oníkálukú, wọ́n ń jẹ́ ẹ. Ó dé orí ẹni tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ajórin. Aláìlera. Ẹgbẹ́ ṣàánú rẹ̀."

"Mọ́mì, ẹ pa á rẹ́," Tíṣà ní.

"Kí n pa kí ni rẹ́?"

"Aláìlera yẹn. Irọ́ ni mo pa. Géètì kankan ò wó lù ú. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló wù ú, ló fi ń gùn ún. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi purọ́."

Àwọn tó mọ Ìyá Ẹgbẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lórí ẹ̀yìn yẹn."

"Ẹ má bínú, ma."

"Nítorí àìlera ni mo ṣe fún un láyè. Bí kò bá sí àìlera, kò sí àyè."

Tíṣà tú aṣọ ìgbàpá aṣáájú kúrò lápá, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ pa orúkọ tèmi náà rẹ́ nígbà náà."

Ìyá Ẹgbẹ́ wo aṣọ náà. Ó dùn ún wọra pé ọmọ òun lè bẹ̀rù òun tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìrora yẹn, nǹkan mìíràn ń yọ́ rẹ́rìn-ín: ọmọ náà ti dàgbà, níṣojú ọgọ́ta èèyàn. Ó yíjú sí Ajórin, tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí kò tíì fọhùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

"Ìwọ. Kò síbi tó ń dùn ẹ́?"

"Kò sí, ma."

"Orúnkún ńkọ́? Ọrùn?"

"Wọ́n dá ṣáká, ma."

Ìyá Ẹgbẹ́ yọ bírò, ó fa ìlà sórí àìlera àti àánú, ó fi orúkọ sílẹ̀. Ó fa apá ọmọ rẹ̀, ó so ìgbàpá náà pa dà, ó fún un pinpin títí ojú Tíṣà fi yí pa dà. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ba síwájú Ajórin, ó wò ó lójú.

"Aláìsàn ni mo máa ń dúró dè lórí òkè. Ìwọ tí ara ẹ le koko yìí, bí òkè bá mú ẹ, ibẹ̀ lo máa sùn."

Ajórin gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ó wo Tíṣà, ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà odò la ó kọ́kọ́ gbà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lónìí. Ẹ máa rọra bọ̀ lẹ́yìn, ìyá ọkọ mi."