Ìwé Ìjọba Tí Kò Rí Iṣẹ́ Mùjídàt

Mùjídàt ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú ẹ̀rọ ìránṣọ kan dé lórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìdèrè, ó sì ti so fóònù mọ́ òpó kí àwọn tó ń kọ́ lè máa wo ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú fọ́ọ̀mù wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tàófíìk lorúkọ mi. Ìjọba ní ká wá ka iṣẹ́ àti ọrọ̀ tó wà nílùú. Ẹ ní oko?"

"Rárá."

"Ṣọ́ọ̀bù? Ìsọ̀ lọ́jà? Ewúrẹ́?"

"Mi ò ní. Mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ lórí fóònù. Láti Kánò títí dé Gánà ni wọ́n ti ń sanwó."

Tàófíìk yí fọ́ọ̀mù síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú èyí. Ló bá kọ ọ́ pé: kò níṣẹ́.

Mùjídàt rí i. Ó kó o nírìíra, bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì.

"Ewúrẹ́ àdúgbò wọnú ìwé, èmi ò wọ̀ ọ́. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ti dínà ìmọ́lẹ̀."

Ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, ó ní òun gbàgbé bírò. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní ìdérí bírò ni. Ẹ̀rín pa Mùjídàt. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, Tàófíìk ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ mi.

Ìyá Tàófíìk, aránṣọ àgbà ní Igbó-Ọrà, ló fàáké kọ́rí. "Ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi pé o kọ ọ́ pé kò níṣẹ́. Ṣé aláìníṣẹ́ tó ń fi fóònù ṣeré lo fẹ́ fẹ́?"

Nígbà tí Tàófíìk ròyìn èyí, ìríra ọjọ́sí tún gba inú Mùjídàt kan.

"Ìwé ẹ ló parọ́ mọ́ mi. Tí Màmá ò bá gbà pé mo níṣẹ́, má wá mọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí itan, Tàófíìk lórí ọ̀kadà kejì.

"Ó máa ń fo ibi tó yẹ kó rán. Atúnṣe mẹ́ta ti ṣe é tì. Jẹ́ n rí iṣẹ́ tó o ní."

Mùjídàt kúnlẹ̀ kí i, ó so fóònù mọ́ òpó, ó ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. "Ẹ wò ó, Màmá. Irin tó di abẹ́rẹ́ mú ti sún sókè. Ìkọ́ ìsàlẹ̀ ń nawọ́ mú òwú, àmọ́ òwú ò tíì dé ibẹ̀." Ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó rẹ irin náà sílẹ̀ bí ìnípọn èékánná, ó dè é pa.

"Ọ̀gá wa, ẹ dákun, nọ́ọ̀tì wo lẹ tú yẹn?" Ọkùnrin kan ló béèrè láti inú fóònù. Màmá bojú wo fóònù náà.

Màmá wá fi ẹ̀rọ náà rán àkísà kan láti etí dé etí, ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀. Kò fo ibì kankan.

"Tàófíìk, fọ́ọ̀mù ọjọ́sí dà?"

"Ó ti dé Ìbàdàn, Màmá."

"Ìwé oríburúkú. Mú bírò, ká kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó. Iṣẹ́ ọmọ yìí ni kó o kọ́kọ́ kọ."

Tàófíìk kọ ọ́: Ọ̀gá atúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń kọ́ni níṣẹ́ délé-dóko.

Mùjídàt ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ lè mú un lọ bá bàbá mi," ó ní. "Wọ́n wà nínú ilé."