Ayálégbé Yàrá Iwájú

Inú ẹrẹ̀ ni obìnrin náà ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà dúró létí odò, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, bàtà rọ́bà rẹ̀ kan ti há sísàlẹ̀, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ igi kéékèèké tí wọ́n fẹ́ gbìn sórí bí ẹni tó ru ẹyin. Kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo omi.

"Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ hù níbẹ̀ ni?" obìnrin náà bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ni òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n ní kí òun wá bá Ìyá Igi ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ní òun nìyẹn, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ìyá Igi ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò bímọ rí, kò sì lọ́kọ. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àyíká ló ń bá ṣiṣẹ́. Tirẹ̀ ni láti máa gbin igi sí bèbè odò kí omi má baà gbé ilẹ̀ lọ. Omi á kún, á hú igi lọ. Òun á tún gbin òmíràn. Iṣẹ́ náà ti sú u, àmọ́ ó sú u bí ọmọ ṣe ń sú ìyá rẹ̀ ni. Kò ṣeé gbé sọnù.

Bó bá délé, bàbá rẹ̀ ló ń dúró dè é. Agégi ni bàbá náà nígbà tí agbára wà. Ní báyìí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti rọ, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì nìyí. Ọmọ náà ní láti gbé e dìde, kó wẹ̀ fún un, kó fún un lóúnjẹ, kó sì tún gbọ́ ẹ̀fẹ̀ kan náà lójoojúmọ́: "Èmi gé, ìwọ ń gbìn. Ṣé ìdílé yìí ò lè fi igi sílẹ̀ kó sinmi ni?"

Tuntun ni wọ́n sọ ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ti dàgbà, láti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti gbé ẹrù dé ilé gbogbo ayé, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n ní kí òun jókòó.

Ìpàdé ni wọ́n wà lọ́jọ́ kan tí oorun gbé Ìyá Igi lọ lórí àga. Nígbà tó lajú, ó rí i pé Tuntun ti sún àga tirẹ̀ síwájú, ó fi ẹ̀yìn gbàràmù rẹ̀ dí ojú ọ̀gá.

"Kí ni wọ́n sọ?" ó bi í jẹ́ẹ́.

"Wọ́n ní kí odò má kún mọ́. Gbogbo wa ló fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu obìnrin náà. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Bí "ẹ" ṣe di "o" láàárín wọn nìyẹn. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ àtíbàbà. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé láti kí bàbá. Nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ kí àwọn fẹ́ra, obìnrin náà mi orí.

"Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀."

"Ta ló ní kó o fi wọ́n sílẹ̀? Mi ò ní kó o jáde, olólùfẹ́ mi. Kó o jẹ́ kí n wọlé ni mo wí."

Ṣùgbọ́n bàbá kò gbà. Ó ní ọkùnrin tó bá ń gbé ilé àna, òjò ló ń lé e. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ògiri. "Wọ́n á ní mo fi ọmọ mi ra nọ́ọ̀sì," ló wí.

Obìnrin náà kò lágbára àtijà. Ó ní kí Tuntun má wá mọ́. Bèbè odò kan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìkángun tí olúkúlùkù wà.

Òjò ńlá rọ̀. Odò kún, ó sì gbá gbogbo igi lọ pátá. Ìyá Igi jókòó sórí ilẹ̀ tútù, kò dìde. Tuntun kọjá lára rẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn láti ìkángun obìnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Igi délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórí. Kò kí bàbá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sùn. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láti nu ẹrẹ̀ náà kúrò. Ibi tí ẹrẹ̀ ti kúrò, irun funfun ló rí. Ó wò ó títí.

Nígbà tí ọmọ jí, bàbá ní, "Ọkùnrin yẹn, ṣé ó ṣì wà níbi iṣẹ́?"

"Ó wà, bàbá."

"Ní kó wá."

Tuntun wá láàárọ̀ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dá a lóhùn.

"Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ilé àna kì í ṣe ilé ọkùnrin. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú ṣófo, ayálégbé ni mò ń wá."

"Èló ni owó ilé, bàbá?"

"Kó o máa bá ọmọ mi gbé mi ní òwúrọ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i tí òun nìkan tún ń gbé mi, mo lé ọ jáde nìyẹn."

Tuntun ní òun gbà. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri, omi wà lójú rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí o," ó wí. "Kó o mọ̀ kó o tó kó ẹrù dé. Kì í ṣe ọmọge lò ń fẹ́."

"Ó rẹ èmi náà. Jẹ́ kó máa rẹ̀ wá pọ̀."

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Tuntun mú, kò sì fi í sílẹ̀. Láti inú yàrá, bàbá wúkọ́, ó ní ẹ̀gbẹ́ tí òun fi sùn ti ń dun òun, ṣé ayálégbé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Wọ́n jọ wọlé. Ọkùnrin náà mú èjìká, obìnrin náà mú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e.