Kí Omi Máa Jò

Láàárín èrò tó ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn nídìí bohóòlù kan ní Ìbàfò ni ojú àwọn méjèèjì ti ṣe mẹ́rin. Mẹ́rin la sọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin ọ̀hún, ọ̀kan ti ń kú lọ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, kò sì sí ẹni tó tíì mọ̀, títí kan ẹni tó ni ojú.

Iná ti lọ láti ìjẹta, páìpù tún wá bẹ́. Gbogbo àdúgbò ló kó kẹ́ẹ̀gì jáde. Ọkùnrin náà wà lókè lórí irin tí wọ́n gbé táńkì lé, sípánà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹnìkan á na okùn sí òun. Ojú rẹ̀ bọ́ sójú Fọláwẹ̀mí, ọmọge tí ọ̀dà ti ta sí láṣọ, tí etí rẹ̀ kan dà bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sí aró. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Fọláwẹ̀mí náà rẹ́rìn-ín, ó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú, ó fẹsẹ̀ kọ kẹ́ẹ̀gì tó wà lápá òsì rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Kí èrò tó rẹ́rìn-ín tán, ọkùnrin náà ti sọ̀kalẹ̀.

"Sìsí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ò rí kẹ́ẹ̀gì yẹn ni? Yẹ́lò ni o."

"Ẹ̀yin ni mò ń wò," ó fèsì, ó sì kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́.

"Ẹ̀bi mi nìyẹn nígbà náà. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé omi délé."

Adépọ̀jù lorúkọ rẹ̀, púlọ́ńbà, ọmọ Ìkirè tó gba yàrá kan sí Mowé, tó ń fa omi sáwọn ilé tuntun ní Màgbòrò. Fọláwẹ̀mí ní tirẹ̀ ń po ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù kan létí márosẹ̀. Bí èèyàn bá mú èépá ògiri tí kò ju èékánná lọ wá, yóò po ọ̀dà tó bá a mu láì wo ìwé kankan. Kò pẹ́ tí Adépọ̀jù fi di oníbàárà. Ọ̀dà funfun ló ń rà, bẹ́ẹ̀ kò ní ògiri.

"Ọ̀dà tí o ti rà lọ́wọ́ mi tó kun ààfin," Fọláwẹ̀mí wí lọ́jọ́ kan.

"Ààfin tí mo fẹ́ fi ọ́ sí náà ni mò ń kùn."

"Onírọ́. Yàrá kan, tí òjò ń jò sí."

"Púlọ́ńbà kì í kánjú dí ilé ara rẹ̀, Wẹ̀mí mi."

Adépọ̀jù ló kọ́kọ́ fura. Bí ó bá na nǹkan sí Fọláwẹ̀mí láti apá òsì, kì í gbà á. Lọ́jọ́ tí ó mú un lọ wo ilé kan tí òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Fọláwẹ̀mí gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tí kò nírin já sílẹ̀. Adépọ̀jù fà á mọ́ra. Ó ní kó máa wo òun níwájú, ó wá na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì rẹ̀.

"Ìka mélòó nìyí?"

"Ọwọ́ dà?" ni Fọláwẹ̀mí bi í.

Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnkànmí, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, fọ́jú sílé ní Ifọ̀. Gbogbo Ifọ̀ ló sì ń wí i pé abẹ ló fọ́ ọ lójú: wọ́n la ojú Ògúnkànmí, ojú náà bá abẹ lọ.

Dókítà Ọmọ́títí, oníṣègùn ojú, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, fún Fọláwẹ̀mí ní oògùn kíkán sójú. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ó wọn agbára omi inú ojú, ó tún un wọ̀n, ó mí kanlẹ̀.

"Gilakómà ni. Omi inú ojú kò rí ọ̀nà jáde, ó ń ti ẹ̀yìn ojú, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ sì ń kú. Èyí tó bá ti kú kò ní jí mọ́. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀tún ni a lè jà fún, oògùn nìkan ò sì ká a."

"Iná lésà tí wọ́n ń sọ ńkọ́, mà?" Fọláwẹ̀mí bi í.

"Ó dára fún ojú tí àrùn ò tíì jìnnà. Tiyín ti jìnnà. Nǹkan méjì ló kù. Kí á la ihò kékeré sára ẹyin ojú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi máa gbabẹ̀ jò. Tàbí kí á fi páìpù tín-ín-rín sí i."

"Páìpù, Dókítà," Adépọ̀jù já lu ọ̀rọ̀. "Ihò á dí. Mo mọ ihò."

"Kí niṣẹ́ yín?"

"Púlọ́ńbà ni mí, mà."

"Mo ti rò ó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òótọ́ ni, ihò a máa dí, nítorí ara àwa èèyàn dúdú ń tètè jinná. À ń fi oògùn sí i kí ojú ọgbẹ́ má yára pa dé. Ṣùgbọ́n ojú tí abẹ ò kàn rí, ihò ló sábà ń mú agbára omi wálẹ̀ jù. Páìpù, a máa ń fi í pa mọ́ de ìgbà tí ihò bá kùnà. Òun náà lè dí, ó sì lè yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí."

Adépọ̀jù mi orí. "Iṣẹ́ tèmi, kí omi má jò ni. Tiyín, kí omi máa jò."

"Kó jò níwọ̀n. Bó bá jò jù, ojú á rọ̀. Kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Mi ò ní tàn yín: nínú ojú tó ti jìnnà báyìí, ìwọ̀nba ìran tó kù lè bá iṣẹ́ abẹ náà lọ. Bí a ò bá sì ṣe é, yóò lọ dájú."

Kí wọ́n tó lọ sábẹ́ abẹ, wọ́n fẹ́ gba àṣẹ ilé, ti abẹ àti ti ìgbéyàwó. Adépọ̀jù àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbé ìwé ìtọrọ ìyàwó lọ sí Ifọ̀, wọ́n fi ribọ́ọ̀nù pupa dì í. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ògúnkànmí kò na ọwọ́.

"Ẹ mú ìwé yín dání. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n la ojú ọmọ mi, mi ò gba ìwé ìtọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ojú wọ yàrá abẹ, mi ò gbé e jáde."

Fọláwẹ̀mí kúnlẹ̀. "Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ wọlé yẹn, ṣé ẹ rí ojú ìyá mi?"

Bàbá yí orí sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà wà," ó sọ. "Ó dúró síbẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni."

Síbẹ̀, kò gba ìwé náà. Fọláwẹ̀mí gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, ìgbọràn ọ̀hún ló sì jẹ ojú òsì rẹ̀. Òjò dé, òjò lọ, ojú náà kú pátápátá, ó wá ń ro ó bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó kàn án. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó po ọ̀dà aláwọ̀ eérú fún ẹni tó ní kó po aláwọ̀ ewé. Wọ́n ti kun géètì tán kí wọ́n tó rí i. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní kó lọ sinmi, kò sì ránṣẹ́ pè é mọ́.

"Adé, lọ fẹ́ ẹni tó lójú," Fọláwẹ̀mí sọ fún un.

"Ta ló sọ pé ojú ni mo fẹ́ fi ṣe aya?"

"Màá di ẹrù."

"Ṣé o ti rí púlọ́ńbà tí kì í gbé ẹrù?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, apá ọ̀tún ló jókòó sí kó lè rí òun. "Bó bá fọ́, mo wà. Bí kò bá fọ́, mo wà. Àmọ́ má jẹ́ kó fọ́ láì jà."

Fọláwẹ̀mí jà, láì dúró de àṣẹ bàbá rẹ̀. Wọ́n fi lésà jó díẹ̀ níbi tí omi ti ń sun nínú ojú òsì, kì í ṣe kó lè ríran, kí ìrora lè sinmi ni. Wọ́n la ihò sí ọ̀tún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkùukùu lásán ló ń rí. Nígbà tó yá, ihò fẹ́ pa dé, Dókítà tún fi abẹ́rẹ́ ṣí i. Fọláwẹ̀mí sunkún lábẹ́ báńdéjì, Adépọ̀jù sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún, pé omi tí àwọn ń wá kọ́ nìyẹn.

Agbára omi ojú wálẹ̀. Ojú dúró níbi tó dé, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe ń wo ayé, àwọ̀ gbogbo sì ti ṣá. Kò ní po ọ̀dà mọ́ láé.

Wọ́n gbé ìwé náà padà sí Ifọ̀. Nínú àṣà, ọmọdébìnrin ilé ìyàwó ló ń ka ìwé ìtọrọ. Ìbíwùnmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Fọláwẹ̀mí, ti dìde láti kà á.

"Jókòó," Bàbá wí. "Fọláwẹ̀mí ni kó kà á."

"Bàbá, ìyàwó kì í ka ìwé ara rẹ̀," Fọláwẹ̀mí wí.

"Mo mọ̀."

Fọláwẹ̀mí tú ribọ́ọ̀nù. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó yí orí díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà. *A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín.* Ìlà sọnù mọ́ ọn lójú. Ó wá a, ó rí i. *Ó wù wá láti já a.* Ó kà á dé orúkọ tí wọ́n fọwọ́ sí nísàlẹ̀.

Bàbá Ògúnkànmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ méjèèjì, ó nà án sí apá òsì ọmọ rẹ̀, níbi tí ọmọ náà kò ti ríran mọ́. Fọláwẹ̀mí ní láti yí gbogbo ara padà kó tó rí ọwọ́ náà.

Ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.